Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá, Ìjòyè Kan Náà: Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àgbà àti Ààfin Jogbo nínú Ṣaworoidẹ àti Agogo Èèwọ̀

Àtúpalẹ̀ tó wọ́pọ̀ lórí Ṣaworoidẹ (1999) a máa rí Lápitẹ́ àti Làgàta gẹ́gẹ́ bí àwòrán ìṣèjọba ológun ní Nàìjíríà. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò kárí. Lápitẹ́ lọ, Làgàta dé. Làgàta kú, Adébọ̀sípò sì gorí oyè nínú Agogo Èèwọ̀ (2002). Àwọn tí kò kúrò láàfin Jogbo ni àwọn ìjòyè. Nínú eré méjèèjì tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, ọba ni ó ń yí padà. Ọwọ́ tí ń mú àṣẹ ọba ṣẹ kì í yí. Nínú ìjọba òde òní, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà ni irú wọn.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ ewu tó wà nínú ìjòyè tí kò ní nǹkan pàdánù bí ọba bá kú. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ bá Aláàfin kú. Àrẹ̀mọ pàápàá wà lára wọn kí Aláàfin Àtìbà tó yí àṣà náà padà nítorí Adélù. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba dojú ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀. Ohun tí a fi ń yin òṣìṣẹ́ àgbà ni pé kì í bá ọ̀gá rẹ̀ lọ: ìjọba lè wó, ẹni tó mọ ibi tí fáìlì wà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù.

Ọdún 1966 fi hàn pé àǹfààní ńlá wà nínú èyí. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje, nígbà tí àwọn ọ̀gágun kan láti Àríwá fẹ́ ya kúrò lára Nàìjíríà, àwọn akọ̀wé àgbà ìjọba àpapọ̀ wà lára àwọn tó pàrọwà fún wọn ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gowon àti Ojukwu ṣe àdéhùn ní Aburi, ní oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn akọ̀wé àgbà kan náà ni wọ́n tú àdéhùn náà wò, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún Gowon pé yóò sọ ìjọba àpapọ̀ di aláìlágbára. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Àwọn kan ní ìmọ̀ràn yẹn ni ó gba orílẹ̀-èdè là. Àwọn mìíràn ní òun ni ó ti ìlẹ̀kùn àlàáfíà. Èyí ó wù kó jẹ́, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ni wọ́n fi kálàmù darí ìbọn.

Ibi tí eré méjèèjì ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Ní Jogbo, ìwọra nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ ìjòyè: owó igi gẹdú ni wọ́n ń jẹ. Kò sí ìjòyè kan tó ṣi ọ̀nà pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Nítorí náà ni oògùn rẹ̀ fi rọrùn: kí wọ́n búra, kí agogo èèwọ̀ dún, kí ikú sì dájọ́ fún ẹni tó jẹ̀bi. Nàìjíríà ti lu irú agogo bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún 1975, ìjọba Murtala Mohammed lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ wọn láìsí ìgbẹ́jọ́. Èèwọ̀ Jogbo mọ olè yàtọ̀ sí olóòótọ́. Ìwé ìdádúró kò mọ̀ ọ́n. Òṣìṣẹ́ tó kù rí i pé òtítọ́ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó sì kọ́gbọ́n: kí ó tọ́jú ara rẹ̀ kí agogo mìíràn tó dún.

Ọ̀pálábà, àgbà tí ń fi òwe sọ òótọ́ láàfin, ni ó yẹ kí lámèyítọ́ padà sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta ìjòyè lára, ṣùgbọ́n kò ní agbára tí yóò fi dá wọn lẹ́kun. Eré méjèèjì kọ́ ìlú bí a ṣe ń pa ìjòyè burúkú. Wọn kò kọ́ ọ bí a ṣe ń dáàbò bo ìjòyè tó bá sọ pé rárá.