Ìpàkọ́ Nínú Àwòrán: Irun Dídì Nínú Iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere

Nínú àwòrán yíyà láàárín àwa Yorùbá, ojú ni ọba. Ẹni tó bá lọ ya fọ́tò a jókòó gbọnin, a gbé ọwọ́ lé itan, a sì kọjú sí kámẹ́rà. J.D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), ọmọ ilẹ̀ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, yí èyí padà. Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ń ṣe jẹun ní Èkó nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì ní ọdún 1968. Ìfẹ́ ọkàn ara rẹ̀ ló fi ń yà á. Ìpàkọ́ ló sábà máa ń yà, ní dúdú òun funfun, lọ́nà tí a fi lè ka ojú ìpín irun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló lè rí ìpàkọ́ ara rẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí, tí ẹni tó gbé e lórí pàápàá kò rí tán, tí a ó sì tú láìpẹ́, ni àwòrán yìí mú dúró.

Orúkọ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwòrán ọdún 1975 kan ń jẹ́ 'Onile Gogoro Or Akaba'. Ilé gíga, àkàbà: ìgòkè ni orúkọ méjèèjì ń sọ, ojú àwọn onídìrí sì wà lára ìlú tó ń ga sókè. Àkọlé náà kò ní àmì ohùn, Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò 'tàbí' mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí ṣì kéré. Àkọlé pa orúkọ irun mọ́, kò pa ti onídìrí mọ́, bí ìgbà tí a tẹ ẹsẹ Ifá jáde láìdárúkọ babaláwo tó kì í.