“Off” Lẹ́nu Akẹ́kọ̀ọ́ Wa: Ṣé Èdè Abínibí Ló Jẹ̀bi?

Ẹ̀sùn kan wà tí a ti ń gbọ́ láti ìgbà tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “off the light” sínú ìwé ìdánwò rẹ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fi bírò pupa fà á, á sì sọ pé èdè abínibí ló dà á láàmú. Èdè Yorùbá ni àwa ń kọ́ni, nítorí náà ilé wa ni òkúta yẹn ń bà. Ohun tó mú wa gbé wúnrẹ̀n kékeré kan ṣoṣo, “off”, wá sí àpérò yìí nìyẹn, kí a lè yẹ ẹ̀sùn náà wò bóyá ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí wúnrẹ̀n máa ń bá rìn. Olùkọ́ á tò wọ́n sójú pátákó: “put off” ni kí a sún nǹkan síwájú, “call off” ni kí a fagi lé e, “take off” ni kí a bọ́ aṣọ tàbí kí ọkọ̀ òfurufú gbéra, “lay off” ni kí wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, á sì gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. “Call off” nìkan ni wọn kì í gbàgbé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì kọ́ wọn. Nígbà tí ASUU padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, “suspend” ni wọ́n sọ, wọn kò sọ “call off”. Kò sí òbí tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí á dá nǹkan dúró ná àti kí á fòpin sí i.

Ohun tí àtòjọ ojú pátákó kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ibi tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà, ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní kí á sọ “put it off”, kí á má sọ “put off it”. Àárín ni arọ́pò-orúkọ gbọ́dọ̀ wà. Àwa náà ń sọ pé “ó bà á jẹ́”, kò sẹ́ni tó ń sọ pé “ó bàjẹ́ ẹ”. “Ó tan Òjó jẹ”, “mo gba ọ̀rẹ́ mi gbọ́”: ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni gbogbo wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ti ṣàlàyé irú wọn nínú ìwé gírámà Yorùbá tó gbé jáde ní 1966. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọ̀rọ̀-orúkọ wà ní àárín tàbí lẹ́yìn, “put the meeting off” tàbí “put off the meeting”, ṣùgbọ́n ní Yorùbá àárín ni àbọ̀ máa ń wà, ìbáà jẹ́ orúkọ, ìbáà jẹ́ arọ́pò rẹ̀. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi “ba ilé jẹ́” ti rin ìdajì ọ̀nà kó tó mú ṣọ́ọ̀kì. A kò tíì rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí a ń lò níbí tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí “off the light”. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, “kill the light” ni ì bá kọ, nítorí pé pípa ni à ń pa iná. Ibẹ̀ ni àwọn panápaná ti gba orúkọ. Àwọn Haúsá náà ń lo “kashe” fún iná bí wọ́n ṣe ń lò ó fún pípa ènìyàn. Síbẹ̀ “off” kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wa. Ẹ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí ní Ìlú Bìní nígbà tí BEDC bá dá iná padà. Ẹni tó máa kígbe pé “Off the gen!” lè jẹ́ Ẹ̀dó, ó lè jẹ́ Ẹ̀sán, Urhobo, Ìgbò tàbí Yorùbá. Èdè abínibí ta ni a fẹ́ mú nínú wọn?

Ní èrò tiwa, ara ẹ̀rọ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. ON àti OFF ni wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀, sára rédíò, sára súwíìṣì. Kò sí “switch” tàbí “turn” tí wọ́n kọ ṣáájú wọn. Ohun tí ojú rí ni ẹnu sọ.

A kò sọ pé àwọn èdè wa kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Nínú “gé e kúrò”, ọ̀rọ̀-ìṣe tó lè dá dúró ni “kúrò”, a sì ń sọ pé “ó kúrò”. Èdè Ẹ̀dó náà ní irú àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, Osamuyimen Stewart sì ti ṣiṣẹ́ gidi lé e lórí. Etí tó ti mọ́ irú gbólóhùn yìí kò ní fura nígbà tí “off” bá di ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n etí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò fura rí nígbà tí wọ́n ń sọ “down tools” tàbí “up the price”. Àní àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo “off” nínú èdè ìgboro wọn fún pípa ènìyàn! Tiwa tí a fi ń pa iná lásán ni wọ́n wá ń fi bírò pupa fà.

Ibi tí Yorùbá ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ní tòótọ́ wà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò sì rí i. Tí a bá sún ìpàdé síwájú, a ti sọ ọ́ di ọjọ́ mìíràn tó jìnnà sí i. “Bring forward” ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀ gan-an: kí ìpàdé tètè wáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “the meeting was brought forward” nígbà tó yẹ kó kọ “put off” ti sọ òdìkejì ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, olùkọ́ á sì fún un ní máàkì nítorí pé gírámà rẹ̀ pé. Ẹ wo irú lẹ́tà ìpàdé tí ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ sí àwọn òbí tó bá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ní 1998, Bámgbóṣé yìí kan náà béèrè bí a ṣe lè mọ àṣìṣe yàtọ̀ sí àrà tuntun nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ. Ó wo iye ènìyàn tó ń lo ọ̀rọ̀, bó ṣe tàn ká tó, irú ẹni tó ń lò ó, bóyá ó ti wọ inú ìwé atúmọ̀ àti gírámà, àti bóyá àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà á. “Flag off” ti yege: àwọn gómìnà ń lò ó fún ohun tí àwa ń pè ní kí á fi ètò lọ́lẹ̀, àwọn ará Íńdíà náà ń lò ó, ó sì wà lára ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 29 tí ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2020. “Send-forth” náà wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an dùn mọ́ wa, nítorí pé “off” ni wọ́n sá fún. Létí wa, “send-off” dà bí ìgbà tí a lé ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ sísìn sọ́nà ni a ní lọ́kàn. Ẹni tó mọ̀ ibi tó ti yẹ kó yọ “off” kúrò lẹ́nu kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

“Off the light” yege nínú iye àti ìtànkálẹ̀, ó kùnà nínú àwọn yòókù. Àwa olùkọ́ ń sọ ọ́ nínú kíláàsì, a kì í kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà, a kò ní kí a fún un ní máàkì nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n a ti ṣíwọ́ kíkọ “èdè abínibí” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń kọ síbẹ̀ báyìí ni: “À ń sọ ọ́ báyìí nílé, nínú ìwé, ‘switch off’ ni.” “Flag off” àti “send-forth” kò gba bírò pupa mọ́ rárá, ìbáà ti pẹ́ tó tí a ti ń fà wọ́n. “Brought forward” ni a ń wá kiri.