Ọgbọ́n Abẹ́rẹ́ Nínú Ilé

Ní Ore, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ti Benin ti ń kọjá ara wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ ṣì ní iyì tirẹ̀. Kò retí iná mànàmáná, kò sì béèrè epo jẹnẹrétọ̀. Isaac Singer gba ìwé-àṣẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1851. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ránṣọ.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n rán kì í kù gìrì gé àǹkárá tuntun. Á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, á sá a, á lọ̀ ọ́, torí aṣọ òwú máa ń súnkì nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́.

Bùbá ni iṣẹ́ tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìránṣọ. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po ní èjìká, kò ní í sí ojú rírán níbẹ̀. Ọrùn ni ọgbọ́n wà: kí wọ́n gé e kéré ná, nítorí ó ṣeé fẹ̀ sí i, kò ṣeé dá padà. Bó bá jẹ́ tọmọdé, wọ́n á fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n lè tú u bọ́mọ bá sanra.

Abẹ́rẹ́ náà ní ipò. Nọ́ńbà 11 dára fún ṣífọ́ọ̀nù, 14 fún àǹkárá, 16 fún jíǹsì. Àjákù aṣọ kan náà ni wọ́n á fi dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa lọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn.