Iná Ojú Ọ̀tọ̀, Iná Ẹ̀yìn Ọ̀tọ̀: Lámèyítọ́ Lórí Fọ́tò Ẹ̀yìn Funfun

Láàárín àwọn onífọ́tò tó sọ yàrá kan nílé wọn di sítúdíò, aṣọ funfun tí wọ́n ń ta sẹ́yìn oníbàárà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rà. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àtẹni tó ń wá fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ọlọ́jọ́ìbí ló sì ń béèrè rẹ̀. Àmọ́ bí fọ́tò bá jáde, aṣọ funfun á ti di aláwọ̀ eérú. Ẹ̀bi aṣọ kọ́, kì í sì í ṣe ti kámẹ́rà nìkan. Ẹni tó rò pé iná kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ ojú kó tún ṣe ti ẹ̀yìn ló ni ín. Ẹnì kan sì wà tí tirẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: ẹni tó da iná bo ẹ̀yìn títí tí ojú fi pàdánù àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 12. Ká ní iná wà ní mítà 1 sí ojú oníbàárà, tí aṣọ sì wà ní mítà 1 lẹ́yìn rẹ̀. Ìdá kan péré nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú ló máa dé ara aṣọ, torí bí iná bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí nǹkan, agbára rẹ̀ á já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni eérú ti wá. Bí a bá sún iná dé mítà 3, aṣọ á rí ju ìdajì gbà, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí à ń wí yìí, iná ti gba ẹnu ọ̀nà bọ́ sí pálọ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà tí a bá fi sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ tún máa ń dá kún un. Ó gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun kò funfun, kò dúdú. Bí funfun bá ti kún ojú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù. Aṣọ á di eérú, ojú èèyàn dúdú á di èédú.

Bí Richard Avedon, ará Amẹ́ríkà, ṣe bọ́ nínú wàhálà yìí yà mí lẹ́nu, torí kò tan iná kankan. Láàárín 1979 sí 1984 tó ń ya àwọn fọ́tò tó di ìwé In the American West, bébà funfun ló ń ta síta gbangba, níbi tí òòrùn kò ti tàn tààrà. Ojú ọ̀run tó wá di iná rẹ̀ jìnnà débi pé mítà kan tàbí méjì tó wà láàárín ẹni tó ń yà àti bébà kò já mọ́ nǹkan kan. Onífọ́tò tí wọ́n bá mú iná lọ ládùúgbò rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní bàràńdà.

Nínú yàrá, iná méjì ló yẹ aṣọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí kálukú wọn dojú kọ apá òdìkejì kí funfun lè dọ́gba. Kí oníbàárà sún síwájú, ó kéré tán mítà 1 àbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ara aṣọ lè tó ìlọ́po méjì ti ojú. Kò gbọdọ̀ jù ú lọ. Àwòrán tó ń hàn lẹ́yìn kámẹ́rà míì máa ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Ara aṣọ ni kó ti máa ṣẹ́jú, kó má dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí iná bá wá pọ̀ jù, aṣọ fúnra rẹ̀ á di iná tó ń tàn bọ̀ láti ẹ̀yìn. Etí ara oníbàárà á pòórá, irun á rí bí èéfín, ojú kámẹ́rà á ṣú. Yàrá kékeré ló ń jìyà èyí jù, torí ògiri àti àjà funfun ń ta ìmọ́lẹ̀ síra wọn. Ẹ gbé ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ tó wọ sùtánà wá, ẹ ó rí iṣẹ́. Bí a kò bá ta aṣọ dúdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí dúdú náà lè fa ìlà tín-ín-rín sétí apá sùtánà, orí àti ọwọ́ nìkan la ó rí lófuurufú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé onífọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere ga. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn lásán ló sì ń lò. Nínú èyí tó pè ní Onílé Gogoro, irun kíkó náà yọ gedegbe, etí rẹ̀ kò pòórá. Àwọn kan á ní áàpù orí fóònù lè gé ẹ̀yìn dànù, kí ni wàhálà wá jẹ́. Fún pásípọ́ọ̀tù, mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹ fi áàpù náà gé irun kíkó, kẹ́ ẹ ka iye òwú tó kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí nílé, bí owó bá mọ sí iná méjì, ẹ fi ọ̀kan sójú, ẹ fi ọ̀kan sẹ́yìn. Aṣọ dúdú ni kẹ́ ẹ rà tẹ̀ lé e, kó tó kan iná kẹta.