Mímọ àti Gbígbẹ́: Ọnà Títo Sátẹ́láìtì nínú Kerbal Space Program

Ọ̀nà méjì ni ọwọ́ oníṣọ̀nà ń gbà ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Amọ̀kòkò ń mọ: ó ń fi amọ̀ lé amọ̀ títí ìkòkò yóò fi dúró. Agbẹ́gilére ń gbẹ́: igi ti wà nílẹ̀ kó tó dé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó yọ ohun tí kì í ṣe ère kúrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ti géèmù tí wọ́n ń pè ní Kerbal Space Program yóò búra pé amọ̀kòkò lòun. Inú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń to rọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ lápá òsì: àgbá epo, ẹ́ńjìnnì, bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì sólà, áńténà, àti àpótí tó dúró bí ọpọlọ fún ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kó má lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Ilé-iṣẹ́ Squad ní Mexico City ló gbé géèmù náà jáde. Felipe Falanghe ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ bọ́ sí ìta ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ẹ̀dà 1.0 sì dé ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ayé kékeré kan tó ń jẹ́ Kerbin ni wọ́n dá fún eré náà. Láti àárín rẹ̀ dé ojú ilẹ̀ kò ju kìlómítà 600 lọ, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́wàá èyí àti díẹ̀ ni ti ayé tiwa. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọnà yìí ni pé sátẹ́láìtì tó bá dára níbẹ̀, gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ṣe géèmù náà gan-an gbẹ́ tiwọn, wọ́n sì gbẹ́ ohun kan dànù tí mi ò rò pé ó yẹ kó lọ.

Ìwúwo ló ń sọ amọ̀kòkò di agbẹ́gilére. Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ kan ní Rọ́ṣíà, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1903, ìṣirò náà ló sì ń jọba nínú gbọ̀ngàn yẹn. Epo ló ń ti ẹrù lọ, ṣùgbọ́n epo tí kò tíì jóná, ẹrù lòun náà. Ká mú sátẹ́láìtì tó wọn tọ́ọ̀nù 1 láìsí epo, ká rọ epo tọ́ọ̀nù 1 sí i, ká fi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Terrier sí ìdí rẹ̀. Ìyípadà eré tó lè ṣe kí epo tó tán jẹ́ nǹkan bí mítà 2,346 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká wá so ààbọ̀ tọ́ọ̀nù ohun èlò mọ́ ọn, kí epo wà bó ṣe wà: ó wá sílẹ̀ sí 1,729. Ohun tó lé ní 600 ti bá ẹrù lọ, bẹ́ẹ̀ a kò tíì dárúkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tóun náà gbọ́dọ̀ wá sanra sí i. Ibẹ̀ lèèyàn á ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, á máa wo ohun tó tò bí ìyàwó ilé ṣe ń wo àpò ìrìn-àjò ọkọ rẹ̀. Bátìrì kẹta yìí, kí ló ń wá níbẹ̀? Ìwọ̀n ìgbóná méjì, ṣé ìbejì ni?

Àmọ́ ẹni tó bá gbẹ́ àgbẹ́jù, imú ère a lọ. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.2 ti dé ní 2016, sátẹ́láìtì tí kò bá rí ìlà bá ilé sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ àṣẹ tó péye mọ́. Áńténà ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní Communotron 16 kò ju kílò 5 lọ. HG-5, tó rí bí àwo, jẹ́ kílò 70. Ojú agbẹ́gilére á kọ́kọ́ lọ sí ọ̀pá, ojú tèmi náà lọ síbẹ̀. Sátẹ́láìtì kan tí mo fi ọ̀pá yìí sí lórí ti lọ sí Mun, òṣùpá Kerbin tó tóbi, tó jìnnà tó kìlómítà 12,000, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Mo ní kí èkejì lọ sí Minmus, òṣùpá kékeré tó wà ní 47,000. Ilé ìtọpinpin tó ń gbọ́ ohùn ọkọ̀ láti Kerbin, tí kò tíì gba àtúnṣe, ni mo ní, bó bá sì ti pàdé ọ̀pá yẹn, nǹkan bí kìlómítà 31,600 ni ọ̀rọ̀ wọn dé mọ. Ó lọ, ó lọ, ó dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá dákẹ́ báyìí, ohun méjì péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ́: jó pẹ̀lú gbogbo agbára, tàbí kú. Mo fi ojú díwọ̀n, mo tàn án, mo pa á, mo tún tàn án, títí ó fi há sí ẹ̀gbẹ́ Minmus. Ó wà láàyè, sólà rẹ̀ ń gba oòrùn, odi ni. Kílò 65 ni mo fẹ́ fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ iná kò le fún ẹni tó ti gbé ilé tó ń fi sólà àti ínfátà jẹun. Ìṣòro kì í ṣe pé oòrùn kò tó, òru ni ìṣòro. Ní gíga kìlómítà 100 lókè Kerbin, ìyípo kan ń gbà tó ìṣẹ́jú 33, nǹkan bí 11 nínú rẹ̀ sì jẹ́ òkùnkùn. Bó bá lọ sókè dé ibi tó ti ń bá Kerbin yí pọ̀ bí ẹni dúró lójú kan, òkùnkùn náà tó ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, nítorí Kerbin kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ayé tiwa. Ti ayé tiwa tẹ̀, ìdí nìyẹn tí sátẹ́láìtì tó wà ní irú ipò yẹn fi ń rí oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù láìwọ òjìji, àyàfi ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọ̀sán àti òru bá fẹ́ dọ́gba. Bátìrì Z-100 ń gba ẹyọ iná 100, kílò 5 ni. Ẹni tó bá ṣírò òru rẹ̀ dáadáa á mọ iye tí yóò gbé. Ẹni tí kò bá ṣírò á kó mẹ́wàá.

Níbi tí ọnà yìí ti ga jù lójú mi, ohun tí wọ́n ń gbẹ́ kì í ṣe ohun àfojúrí mọ́. Ní 1945 ni Arthur C. Clarke kọ ọ́ pé sátẹ́láìtì mẹ́ta, tí wọ́n bá ga tó láti máa bá ayé yí, lè fi ohùn yí gbogbo ayé ká. Ààrò mẹ́ta, ọbẹ̀ kò ní í dànù. Nínú géèmù, gíga náà jẹ́ kìlómítà 2,863, ọjọ́ Kerbin sì jẹ́ wákàtí 6. Báwo la ṣe máa pín mẹ́ta dọ́gba lórí òbìrí láìfi rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ṣòfò? Ọkọ̀ kan ni yóò gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á fi í sí ipa ìyípo tó ń gba wákàtí 8, tí ibi tó ti sún mọ́ Kerbin jù jẹ́ 2,863 yẹn gan-an. Bó bá débẹ̀, á sọ ọ̀kan sílẹ̀, ìyẹn á dín eré rẹ̀ kù títí yóò fi bọ́ sí ipa wákàtí 6. Kí ọkọ̀ tó yípo dé ibẹ̀ padà, èyí tó ti sọ sílẹ̀ á ti yí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìdámẹ́ta. Á sọ èkejì. Á tún lọ, á tún bọ̀, á sọ ẹ̀kẹta. Àkókò ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. N kò mọ ọnà mìíràn lórí kọ̀ǹpútà tí aago ti jẹ́ ọ̀bẹ báyìí.

Ọ̀bẹ náà sì mú. Bí ìyípo ọ̀kan nínú wọn bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ọdún Kerbin kan á fi dígírì 7 tì í kúrò lójú kan. Géèmù lè sáré gba ọdún mẹ́wàá kọjá kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná, kí onílé tó padà dé, ààrò ti ṣípò. Nítorí náà, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù di ìdá kékeré kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á máa fi í tọ́ ìyípo náà bí ẹni ń fi abẹ fá irun ọmọ tuntun.

Kí wá ni àwọn tó ṣe géèmù náà gbẹ́ dànù? Ogbó àti èèṣì. Nínú géèmù bó ṣe jáde lọ́wọ́ wọn, bátìrì kì í gbó, pánẹ́ẹ̀lì kì í dédé kú. Sátẹ́láìtì tó bá ti ga ju kìlómítà 70 lọ kò ní í já bọ́ títí ayérayé, kódà bó jẹ́ 71. Ayé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2017, sátẹ́láìtì kékeré tí Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, NigeriaEduSat-1, jáde láti inú ibùdó òfurufú àgbáyé tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 400 sókè. Ibi gíga bẹ́ẹ̀ pàápàá, ìyókù afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tó láti fa ohun tó kéré tó yẹn sílẹ̀. NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà, gòkè láti Xichang ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Ọdún 15 ni wọ́n ṣírò fún un, iná rẹ̀ sì ti kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Nínú géèmù, ìbéèrè pé ta ló jẹ̀bi ní ìdáhùn kan ṣoṣo: ìwọ tó tò ó ni. Ìyẹn ló mú kó jẹ́ olùkọ́ rere, òun náà ló sì mú kó parọ́.

Àwọn aṣeré ti gbìyànjú láti lẹ ohun tó lọ náà padà. Àfikún kan tó ń jẹ́ Kerbalism ń mú kí ẹ̀yà ara bàjẹ́, ó sì ń fi ìtànṣán oòrùn pa ni lára. RemoteTech ń jẹ́ kí àṣẹ pẹ́ lójú ọ̀nà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pẹ́. Ti RemoteTech ni mo fara mọ́, nítorí ìdádúró ṣeé ṣírò, agbẹ́gilére sì lè fi ọgbọ́n dá a lóhùn. Èèṣì Kerbalism ń ṣe mí bí ẹni tó ju owó ẹyọ lórí iṣẹ́ mi.

Mo padà sí Minmus nígbẹ̀yìn. Sátẹ́láìtì tuntun ni, ó wúwo, ó burẹ́wà, HG-5 jókòó sórí rẹ̀ bí àwo àmàlà, kó lè máa bá odi mi gbé ọ̀rọ̀ dé ilé. Nígbà tó kù bíi kìlómítà 1,500 láàárín wọn, ìlà aláwọ̀ ewé fà láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, ó gba ibẹ̀ lọ sí Kerbin. Mo pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn pé kó jó ní ìdajì agbára. Ó gbọ́. Kò sí epo nínú rẹ̀ mọ́.