Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Kì Í Ṣe Ìtàn Ọ̀gá Nìkan

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti di àṣà láàárín wa pé bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún, a ó yan akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pé kí wọ́n lọ wádìí ìtàn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ohun tí wọ́n kọ tán, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà ni a ó bá níbẹ̀, ọdún tí wọ́n dé àti ọdún tí wọ́n lọ, bí ẹni ń ka orúkọ ọba tí kò ní oríkì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilé tiwa ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní 1948 ni a dá a sílẹ̀, pé Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun Hitler. Kenneth Mellanby, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, kọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ náà sínú ìwé ní 1958. N kò dá a lẹ́bi: ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì yóò sọ ohun tí ó rí láti ọ́fíìsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń bá wí, àwọn tí wọn kì í ṣe ọ̀gá, tí wọ́n sì ń kọ̀wé bí ọ̀gá. Ta ni ó ń se oúnjẹ ní Ẹlẹ́yẹlé?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ìwọ́de tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìráhùn lórí ilé oúnjẹ Gbọ̀ngàn Nnamdi Azikiwe parí sí ìbọn ọlọ́pàá, Kúnlé Adépéjù sì kú. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹni tí ó bá kọ pé ìrúkèrúdò díẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún náà, tí ó sì kọjá lọ, kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ti sin òkú náà lẹ́ẹ̀kejì.

Samuel Johnson lọ bá àwọn arókin Ọ̀yọ́ kí ó tó kọ ìtàn Yorùbá. Nítorí náà ni Ọ̀yọ́ fi gba ibi púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀, tí àwọn ìlú mìíràn sì ń ráhùn títí di òní. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè àfi akọ̀wé àgbà.

Ohun kan tún kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Bàbá ọlọ́dẹ tí ó ti sọ́ ẹnu-ọ̀nà fún ọgbọ̀n ọdún yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sì dákẹ́. Bí a bá dọ̀bálẹ̀ kí i, tí a bi í ní Yorùbá, a ó gbọ́ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún ọ̀gá, ẹni tí wọ́n lé lọ, àti ìdí tí wọ́n fi lé e.

Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó fi jáde ní 1921. Àwọn olùwádìí wa ń gba ohùn àgbà sínú fóònù, wọ́n a sì pa á rẹ́ bí wọ́n bá ti kọ̀wé tán. Kí wọ́n kó o lọ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike kí fóònù náà tó bàjẹ́.