Bàbá ni Látìn, tàbí Àbúrò Bàbá? Lámèyítọ́ lórí Fífi Kọ̀ǹpútà Ṣe Ìtọpinpin Ìran Èdè

Ní ọdún 2012, Bouckaert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ inú èdè 103 tó wà nínú ẹbí Indo-European. Èsì wọn ti àbá kan lẹ́yìn, èyí tó sọ pé láti ilẹ̀ Anatolia ni ẹbí náà ti tàn kálẹ̀, láàárín ọdún 8,000 sí 9,500 sẹ́yìn. Ní 2015, Chang, Cathcart, Hall àti Garrett lo irú ìṣirò kan náà, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 6,500 ni wọ́n rí.

Ẹ̀rọ kọ́ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, bí kò ṣe ohun tí a sọ fún ẹ̀rọ. Àwọn ti 2015 fi lélẹ̀ pé Látìn ni bàbá èdè Faransé, Ítálì àti Sípéènì. Àwọn ti 2012 kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú igi tiwọn, Látìn di àbúrò bàbá.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ní Látìn, "homo" ni ènìyàn, "vir" ni ọkùnrin. Lónìí, "homme" ti Faransé, "uomo" ti Ítálì àti "hombre" ti Sípéènì ń tọ́ka sí ọkùnrin pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìtàn yóò gbà pé ìlò yìí ti wà lẹ́nu baba ńlá kan tí kì í ṣe Látìn. Nípa bẹ́ẹ̀, yóò fi ọdún kún ọjọ́ orí ẹ̀ka náà, yóò rò pé ọ̀rọ̀ kì í tètè yí padà, gbogbo igi yóò sì gbó ju bó ti yẹ lọ.

Síbẹ̀, àṣẹ ti 2015 náà le jù. Látìn inú ìwé ni a ní lọ́wọ́. Ti ẹnu ará ọjà ni ó bímọ. Onímọ̀ Yorùbá mọ irú èyí dáadáa: Yorùbá àjùmọ̀lò ló kún inú ìwé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá fi í ṣe bàbá wọn yóò ya igi èké. Ní 2023, Heggarty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè 161 ṣe iṣẹ́. Wọ́n gba ẹ̀rọ láàyè láti rí bàbá, wọn kò fi dandan mú un. Nǹkan bí ọdún 8,100 ni wọ́n rí.

Iṣẹ́ ti 2015 ló ṣì yẹ fún ìyìn jù, nítorí pé ó sọ ohun tí ó gbà gbọ́ síta, ẹnikẹ́ni sì lè tako ó. Ohun tí a bá gbìn ni a ń ká. Kí a tó gba ọjọ́ orí tí ẹ̀rọ pè, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ìran tí ìtàn ti jẹ́rìí sí.